Ìtàn Ẹ̀rọ tí ń Ka Nọ́ńbà, tí ó sì ń Gbẹ́ Egungun Ọkọ̀ Òfurufú

 

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lórí ilé wa, ọmọdé a máa juwọ́ sí i, àgbà a sì gbé ojú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan béèrè pé: ta ni ó gbẹ́ egungun tí ó wà nínú apá rẹ̀? Kí ni ó dé tí apá náà ń mì nínú afẹ́fẹ́ tí kò sì ṣẹ́? Ìtàn tí a mú wá fún yín lónìí dá lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń gbẹ́ egungun náà láti inú pátákó irin kan ṣoṣo. Ìtàn irin ni, ṣùgbọ́n ìtàn ìwé kíkà ni pẹ̀lú. Ẹ ó rí i níwájú pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kò ju ibi tí ọkùnrin kan ti ń ka nọ́ńbà sókè, tí àwọn méjì sì ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣe bí ó ti wí.

IRIN TÍ Ó FÚYẸ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ irin náà. Gbogbo ilé ni ó ti mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìkòkò funfun tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀, tí kì í wúwo lórí. Alumíníọ̀mù ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ pupa ni ó máa ń fara pamọ́ sí, kò sì rọrùn láti yọ jáde. Fún ìgbà pípẹ́ ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọba Yúróòpù fi ń kà á mọ́ ohun ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1886, ọkùnrin méjì tí wọn kò mọ ara wọn, Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, rí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Àmọ́ alumíníọ̀mù lásán rọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ti tẹ ìdí ìkòkò mọ́lẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Ní ọdún 1906, Alfred Wilm, ará Jámánì, ń dán alumíníọ̀mù tí ó fi bàbà díẹ̀ pò wò. Ó mú un gbóná, ó rì í bọ omi kí ó tutù kíákíá, ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, irin náà ti le ju bí ó ti fi í sílẹ̀ lọ. Ó fúyẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lágbára. Irú àdàlú yìí ni ó sọ alumíníọ̀mù di irin ọkọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Wright, tí wọ́n kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1903, ti fi alumíníọ̀mù ṣe ara ẹ́ńjìnnì wọn, ṣùgbọ́n igi àti aṣọ ni apá ọkọ̀ wọn. Lẹ́yìn Wilm, apá pàápàá di irin.

ÌYỌNU IHÒ

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe apá irin náà? Bí ẹní rán aṣọ ni. Wọ́n a gé páànù pẹlẹbẹ, wọ́n a ká a, wọ́n a lu ihò sí i, wọ́n a sì fi ìṣó kéékèèké kàn wọ́n mọ́ra, ìṣó tí a lù lórí méjèèjì kí ó má baà yọ mọ́. Ìṣó bẹ́ẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìṣó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ọkọ̀ sì ní láti ru gbogbo wọn fò. Ìṣó kọ̀ọ̀kan sì béèrè ihò kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rán bàtà tàbí gàárì mọ̀ pé ibi ihò ni awọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, tí a ń tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, yóò sì sán ní ẹ̀bá ihò. Ayé rí èyí kedere ní ọdún 1954. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Comet, òun ni ọkọ̀ akérò àkọ́kọ́ tí ó fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run lẹ́bàá erékùṣù Elba ní Ítálì, ènìyàn 35 kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, òmíràn tún fọ́, ènìyàn 21 kú. Àwọn onímọ̀ gbé odidi Comet kan sínú àgbá omi ńlá, wọ́n ń fi omi fún un, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, léraléra, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń gòkè tí ó ń sọ̀. Níkẹyìn awọ ọkọ̀ náà ya. Wọ́n rí i pé irin ni ó rẹ̀, àti pé etí fèrèsé àti ẹ̀bá àwọn ihò ìṣó ni ìsán náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjàǹbá Comet kọ́ ni ó bí ẹ̀rọ tí à ń sọ ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, nítorí ìwọ̀n àti agbára. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá náà fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: bí ihò bá dín kù, ibi tí ikú lè gbà wọlé dín kù. Àwọn tí ń ya àwòrán ọkọ̀ ti ń rò ó pé: dípò kí a kó ogójì ègé jọ kí a sì kàn wọ́n mọ́ra, èéṣe tí a kò fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀ láti inú pátákó alumíníọ̀mù kan, kí awọ àti egungun jẹ́ ọ̀kan?

Ará Kétu kò ní ṣòro fún láti lóye èyí. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti inú ìtì igi kan, ojú, etí àti gèlè orí rẹ̀, igi kan náà ni gbogbo wọn. Kò sí ìṣó tí yóò tú. Ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ní ojú àti ọwọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ta ni yóò gbẹ́ irin tí ó gùn ju ènìyàn méjì lọ, tí gbogbo ibi tí ó bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ìṣirò ti wí, tí àṣìṣe tí kò nípọn ju awẹ́ ìwé lọ sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

ỌKÙNRIN TÍ Ó Ń KA NỌ́ŃBÀ

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, John Parsons ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1913. Kò gba oyè kankan ní yunifásítì. Inú ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Nígbà ogun ńlá kejì, ó gba iṣẹ́ láti máa ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú tí apá rẹ̀ ń yí lókè orí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà ní ojú kan tí ó tẹ̀ díẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ó ti yẹ gan-an. Àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún un fún un ní àmì 17 péré lórí ìwé, pé kí ó so wọ́n pọ̀. Oníṣẹ́ a wá fi ọwọ́ fa ìlà láti àmì kan dé èkejì, a fi ojú díwọ̀n rẹ̀, a fi ayùn gé e, a fi fáìlì ra á. Bí ojú méjì ti yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ méjì ń yàtọ̀.

Ní ọdún 1946, Parsons gba onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Frank Stulen sí iṣẹ́. Àwọn méjèèjì rò ó pé ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn akọ̀wé owó ń lò, èyí tí ń ka káàdì tí a lu ihò sí, lè ṣe ìṣirò ìlà títẹ̀ náà. Wọ́n gbìyànjú, ó sì ṣeé ṣe. Dípò àmì 17, wọ́n ní igba. Wọ́n gbé ìwé nọ́ńbà náà lọ síbi ẹ̀rọ agbẹ́rin. Ọ̀kan a dúró, a máa ka nọ́ńbà sókè. Ẹnìkejì a mú ọwọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé irin lọ sí ọ̀tún àti òsì. Ẹnìkẹta a mú èyí tí ń gbé e lọ síwájú àti sẹ́yìn. «Èyí lọ síbí, ìyẹn lọ sọ́hùn-ún.» Ọ̀bẹ a sọ̀ kalẹ̀, a gé díẹ̀. Wọ́n a tún kà, wọ́n a tún gé. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn àmì náà sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà ṣẹ́kù díẹ̀ kí ó jọ̀lọ̀.

Ẹ dúró síbí díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó wà ní ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ nọ́ńbà lè kà á, lónìí tàbí lọ́la, ní ìlú yìí tàbí ní ìlú mìíràn, abẹ̀bẹ̀ kan náà ni yóò jáde. Parsons sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan sí i: bí ẹ̀rọ ìṣirò bá lè ka káàdì, èéṣe tí ẹ̀rọ agbẹ́rin fúnra rẹ̀ kò fi lè kà á?

ÌWÉ TÍ Ẹ̀RỌ Ń KÀ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fún Parsons ní iṣẹ́ láti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ apá ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú irin kan, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ lásán kò lè ṣe é. Parsons lọ wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìlú Cambridge, nítosí Boston. Wọ́n gbọ́n, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èrò tiwọn tóbi ju tirẹ̀ lọ. Parsons fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa lọ láti àmì dé àmì. Àwọn fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní dúró, tí yóò máa rìn ní ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í bá MIT ṣe àdéhùn tààrà. Ẹni tí ó mú wọn wọlé wá bá ara rẹ̀ lóde.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, MIT pe àwọn ènìyàn wá wo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ agbẹ́rin kan láti ìlú Cincinnati ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n so ó mọ́ àwọn àpótí ńlá tí gílóòbù iná kún inú wọn, nítorí pé kọ̀ǹpútà kékeré kò tíì sí nígbà náà. Ọ̀já ìwé kan tí a lu ihò sí ń wọ inú àpótí lọ díẹ̀ díẹ̀. Bí ihò bá ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ ń rìn. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kàwé.

Ní ti Parsons, kò dákẹ́. Ó ti kọ ìwé sí ìjọba ní oṣù karùn-ún ọdún 1952 kí wọ́n mọ̀ pé tirẹ̀ ni èrò náà. Ní ọdún 1958, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1985, ìjọba fún òun àti Stulen ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kò gba oyè wá di ẹni tí yunifásítì fi oyè dá lọ́lá. Ó kú ní ọdún 2007. Ẹ kíyè sí i pé ìwé tí ó kọ ní àkókò ni ó gbà á là. Bí ó bá jẹ́ ẹnu lásán ni ó fi sọ, ta ni ì bá gbà á gbọ́?

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kò sáré ra ẹ̀rọ náà. Ó wọ́n, ó sì ṣòro láti kọ ìwé tí ẹ̀rọ ń kà. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó fi owó tirẹ̀ ra èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí ó sì gbé wọn sí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Fún ìnira ìwé kíkọ, Douglas Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT dá èdè kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ APT, kí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n fi hàn àwọn oníròyìn ní oṣù kejì ọdún 1959, wọ́n fún wọn ní àwo eérú sìgá tí ẹ̀rọ gbẹ́ láti inú alumíníọ̀mù. Àwo kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà títẹ̀ ara rẹ̀ ni èdè náà kọ.

Ẹ̀dùn ọkàn kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1946 sí 1947, ilé iṣẹ́ General Electric ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àkọ́kọ́, tépù yóò sì gba gbogbo ìrìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí tépù rédíò ti ń gba ohùn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ yóò máa ṣe bí ọwọ́ náà ti ṣe. Ọ̀nà yìí fi ìmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Wọ́n pa á tì. Òpìtàn David Noble kọ ìwé kan ní ọdún 1984, ó ní kì í ṣe nítorí pé kò dára nìkan ni wọ́n fi pa á tì, bí kò ṣe pé àwọn ọ̀gá fẹ́ gba àkóso iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sí ọwọ́ tí ó lè gbẹ́ apá ọkọ̀ náà, nítorí náà kò sí ohun tí tépù ì bá gbà sílẹ̀. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè ka ìwé ẹ̀rọ di ẹni tí a ń pàṣẹ fún nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó di ẹ̀yìn ọdún 1970 kí kọ̀ǹpútà kékeré tó wọ inú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ tí kò tóbi náà ti lè ní i.

ỌKỌ̀ TÍ DAKAR RÍ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn ní èdè Faransé kò ní gbàgbé Concorde. Àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ṣe é. Ó kọ́kọ́ fò ní Toulouse ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1969. Ìyára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìyára ohùn. Bí ó bá ń sáré bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbá a a mú awọ rẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ ní imú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yan àdàlú alumíníọ̀mù kan tí kì í tètè rọ̀ nínú ooru, tí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú pátákó ara rẹ̀ láti inú irin kan, awọ pẹ̀lú egungun, bí ẹní gbẹ́ ère. Ìṣó dín kù, ìwọ̀n dín kù.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1976 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Paris lọ sí Rio de Janeiro ní Bràsíìlì gba Dakar kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni irin tí a gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe balẹ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Concorde fẹ̀yìn tì ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà gbẹ́ ẹ kò fẹ̀yìn tì. Òun ni ó kún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lónìí.

Ọ̀NÀ MÁRÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rọ ti òde òní. Wọ́n ní ó ní ọ̀nà ìrìn márùn-ún. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ẹ mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbẹ́ igi. Ẹ lè gbé e lọ sí ọ̀tún àti òsì: ọ̀nà kan. Ẹ lè gbé e sókè àti sílẹ̀: ọ̀nà méjì. Ẹ lè tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn: ọ̀nà mẹ́ta. Nísinsìnyí, láì gbé ọwọ́ kúrò níbi tí ó wà, ẹ dẹ ọrùn ọwọ́ síwájú: ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ sì yí i sí ẹ̀gbẹ́: ọ̀nà márùn-ún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rò ó. Ẹ̀rọ ní láti fi nọ́ńbà márùn-ún ṣe é, tí nọ́ńbà náà ń yí padà láìdúró. Nítorí ọ̀nà márùn-ún yìí, ọ̀bẹ lè wọ inú kọ̀rọ̀, ó lè tọ ògiri tí ó dagun, a kò sì ní láti tú irin náà kí a tún so ó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tóbi jù, bí irú èyí tí Makino ti Japan ń ṣe tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Ecospeed láti Mönchengladbach ní Jámánì, ní ọ̀pá ọ̀bẹ tí ó dùbúlẹ̀. Pátákó irin náà kò sùn sórí tábìlì, òró ni ó dúró bí ògiri, ó sì lè gùn tó mítà mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Nínú pátákó tí ó wọlé, bí a bá pín ìwọ̀n rẹ̀ sí 100, 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò di èérún. Díẹ̀ tí ó kù ni egungun ọkọ̀. Bí pátákó bá sùn, èérún a kún inú ihò rẹ̀, ọ̀bẹ a sì tún máa gé èérún, yóò gbóná, yóò sì ha ojú iṣẹ́. Bí pátákó bá dúró, èérún a já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kì í dà á nù. Wọ́n a gbá a jọ, wọ́n a tẹ̀ ẹ́, wọ́n a sì yọ́ ọ láti fi ṣe pátákó mìíràn.

Ọ̀bẹ náà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30.000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí jẹ́ ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 1931 ni Carl Salomon ti gba ìwé àṣẹ ní Jámánì lórí fífi ìyára ńlá gé irin, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é ní ìgbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yára, apá tí ó pọ̀ jù nínú ooru a bá èérún lọ, kì í dúró lára iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè gbẹ́ ògiri tí kò nípọn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó mọ nọ́ńbà kò mọ ohun gbogbo. Pátákó irin ní agbára tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́ tí wọ́n sì rì í bọ omi. Bí a bá gbẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, yóò ká lọ́rùn bí pákó tútù tí a sá sí oòrùn. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ yìí díẹ̀, kí a tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun ni ó ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ tí ó ti ń kú. Ẹ rí i pé ìmọ̀ ọwọ́ kò parẹ́. Ó kàn ní láti kọ́ ìwé mọ́ ọn ni.

RÉDÍÒ TÍ WỌ́N FỌ́

Irú ẹ̀rọ yìí kò gbẹ́ apá ọkọ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ní i lè ṣe ohun ogun. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ ọ bí ẹní ṣọ́ ìbọn. Láàárín ọdún 1980 sí 1985, ilé iṣẹ́ Toshiba Machine ti Japan ta ẹ̀rọ agbẹ́rin ńlá mẹ́rin tí ó ní ọ̀nà mẹ́sàn-án fún ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ó ní ọ̀nà márùn-ún. Kongsberg ti Norway ni ó fún wọn ní àpótí tí ń ka nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Leningrad ni wọ́n gbé wọn lọ, láti máa gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Amẹ́ríkà ní abẹ̀bẹ̀ tí a gbẹ́ dáadáa kì í pariwo nínú omi, òun kò sì ní gbọ́ ìró ọ̀tá mọ́.

Nígbà tí àṣírí tú ní ọdún 1987, ìbínú pọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gbé rédíò Toshiba kan síta ní iwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Wáṣíńtọ̀nù, wọ́n sì fi òòlù ńlá fọ́ ọ níwájú àwọn oníròyìn. Àwọn olórí Toshiba méjì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Ẹ̀yin olùgbọ́ rédíò, kí ni rédíò ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tó ẹ̀rọ tí ó ti lọ. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ọ̀nà márùn-ún tí iṣẹ́ rẹ̀ péye gan-an sí òkèèrè, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Ẹnìkan lè wí pé: «Àwa tí a ń gbin àgbàdo àti òwú ní Sabẹ, kí ni ó kàn wá nínú irin apá ọkọ̀?» Ìbéèrè rere ni. Bí a bá gé igi nígbó, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

Ohun mẹ́ta ni a rí kọ́. Èkíní, irin tí ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lójú ọ̀run dúró lórí nọ́ńbà tí ẹnìkan kọ tí kò ṣì kọ. Nọ́ńbà kan tí a ṣì kọ lórí òṣùwọ̀n òwú ń mú owó lọ kúrò nínú àpò yín. Nọ́ńbà kan tí a ṣì kà lára ìgò oògùn lè pa ọmọ. Èkejì, ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ nìkan, ẹlòmíràn lè gbà á, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa fi pàṣẹ fún ẹni tí ó ni ín. Alágbẹ̀dẹ wa, aláró wa, gbẹ́nàgbẹ́nà wa, ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ fúnra yín. Ẹ kọ ìwọ̀n, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ẹ̀kẹta, ìwé kò lé ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́n jù lọ láyé ṣì ń wá ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìró ọ̀bẹ.

Ọjọ́ mìíràn tí ọkọ̀ òfurufú bá kọjá, tí ọmọ yín bá juwọ́ sí i, ẹ sọ fún un pé ìtì irin kan ni wọ́n gbẹ́ egungun apá yẹn láti inú rẹ̀, àti pé ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń ka nọ́ńbà síra wọn létí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kí ó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún yín.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:
1. Kí ni ó dé tí ihò ìṣó fi léwu lára ọkọ̀ òfurufú?
2. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ní ìlú yín ni a kò tíì kọ sílẹ̀ rí? Ta ni ó mọ̀ ọ́n jù?
3. Bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ni ó yẹ kí oníṣẹ́ náà kọ́, kí ó má baà di ẹni ẹ̀yìn?